Sophie Germain: Obìnrin tó fi orúkọ ọkùnrin kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, tó sì wá ìdí tí irin fi ń gbọ̀n

Lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù Kìíní, ọdún 1816, àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé péjọ nílùú Paris láti fi ẹ̀bùn kan lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ẹ̀bùn náà ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1809, ẹnikẹ́ni kò sì rí i gbà. Àmì ẹ̀yẹ oníwúrà tó wúwo tó kílógíráàmù kan ni, owó rẹ̀ sì tó 3,000 franc láyé ìgbà náà.

Obìnrin ni ẹni tó gbà á, Sophie Germain lorúkọ rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ló kù kó pé ẹni ogójì ọdún. Kò jókòó nínú kíláàsì iléèwé gíga kankan rí, nítorí pé wọn kì í gba obìnrin wọlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń retí láti fojú kàn án lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò yọjú.

Ìbéèrè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ẹ̀bùn náà kalẹ̀ dà bí èyí tí ọmọdé lè béèrè. Tí wọ́n bá lu irin pẹlẹbẹ kan, tó sì ń gbọ̀n, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Ṣé a lè fi ìṣirò sọ bí yóò ṣe gbọ̀n kí a tó lù ú?

Lónìí, àwọn ẹnjiníà tó ń kọ́ afárá, ilé alájà púpọ̀ àti ọkọ̀ òfurufú kò lè ṣiṣẹ́ láì dáhùn irú ìbéèrè yìí. Ta wá ni obìnrin tó kọ́kọ́ gbà á ní ìpèníjà, tó sì gbé e dé ibi tí àwọn ọkùnrin ìgbà ayé rẹ̀ kò gbé e dé?

Ọmọ oníṣòwò tó rí ìwé he

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin, ọdún 1776 ni wọ́n bí Marie-Sophie Germain ní Paris. Ambroise-François Germain, bàbá rẹ̀, jẹ́ oníṣòwò tó rí já jẹ, aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n sì sọ pé ó ń tà. Ọkùnrin náà tún wà lára àwọn tí wọ́n dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà tí nǹkan yí padà nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1789.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Sophie nígbà tí àwọn aráàlú ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, ọdún náà. Ìlú gbóná, ìta kò ṣeé jáde sí. Ọmọ náà jókòó sílé, ó sì ń tú àwọn ìwé tó wà nínú yàrá ìkàwé bàbá rẹ̀ wò.

Ibẹ̀ ló ti ka ìtàn Archimedes, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì ayé àtijọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù wọ ìlú Syracuse, àwòrán ìṣirò tí ọkùnrin yìí ń wò gbà á lọ́kàn débi pé kò dá ọmọ ogun tó ń bá a sọ̀rọ̀ lóhùn. Ọmọ ogun náà bá pa á.

Ohun tí ọmọ náà rò lẹ́yìn tó ka ìtàn yìí tán kò díjú: ẹ̀kọ́ tó lè gba èèyàn lọ́kàn débi tí kò fi rántí ikú, ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ ní nǹkan nínú. Láti ọjọ́ náà ló ti gbájú mọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ èdè Látìn kó lè ka ìwé Isaac Newton àti ti Leonhard Euler.

Inú àwọn òbí rẹ̀ kò dùn sí i. Láyé ìgbà náà, àwọn èèyàn gbà pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọbìnrin. Wọ́n ní kó lọ sùn, kò sùn. Wọ́n bá ń pa iná tó ń mú yàrá rẹ̀ móoru lálẹ́, wọ́n ń kó aṣọ òtútù rẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gba àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà á dúró di ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn, á wá yọ àbẹ́là tó ti fi pamọ́, á fi aṣọ ìbora wé ara rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá a níbi tó sùn lọ sí nídìí tábìlì, tí tàdáwà rẹ̀ ti di yìnyín nínú ìgò. Guglielmo Libri, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn òbí náà gbà fún un. Bàbá rẹ̀ ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé Sophie kò lọ́kọ, kò sì rí iṣẹ́ olówó oṣù ṣe rí láyé rẹ̀.

'Ọ̀gbẹ́ni Le Blanc'

Lọ́dún 1794, ìjọba dá iléèwé gíga kan sílẹ̀ ní Paris fún ẹ̀kọ́ ìṣirò àti iṣẹ́ ẹnjiníà. École Polytechnique ni wọ́n ń pè é títí di òní. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbóná jù nílẹ̀ Yúróòpù ló ń kọ́ni níbẹ̀, àmọ́ ọkùnrin nìkan ló lè wọlé.

Ẹni ọdún méjìdínlógún ni Sophie. Bí kò ṣe rí ẹnu ọ̀nà gbà, ó wá ojú fèrèsé. Ó ń gba àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ síbẹ̀, ó sì ń kà á nílé. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ èrò wọn ránṣẹ́ sí olùkọ́, òun náà kọ tirẹ̀. Àmọ́ orúkọ tó kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà ni Ọ̀gbẹ́ni Le Blanc.

Joseph-Louis Lagrange ni olùkọ́ tí ìwé náà bọ́ sí lọ́wọ́, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ìṣirò tó lókìkí jù láyé ìgbà náà. Iṣẹ́ Le Blanc yìí wú u lórí débi tó fi ní òun fẹ́ rí akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Lagrange kò bínú, kàkà bẹ́ẹ̀, ó yìn ín, ó sì ràn án lọ́wọ́.

Síbẹ̀, oríyìn kì í ṣe ẹ̀kọ́. Àwọn èèyàn ńlá ń wá kí i nílé, wọ́n ń kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọkùnrin. Àléébù yìí ṣì máa ná an ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ Gauss àti ogun

Lọ́dún 1804, Sophie tún mú orúkọ Le Blanc jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, Carl Friedrich Gauss tó wà nílùú Brunswick, nílẹ̀ Jámánì, ló kọ̀wé sí. Gauss ti gbé ìwé ńlá kan jáde lọ́dún 1801 lórí ìmọ̀ nípa òǹkà, Sophie sì ti kà á ní àkàyé. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síra wọn.

Lọ́dún 1806, àwọn ọmọ ogun Faransé gba Brunswick. Ìtàn Archimedes padà sọ́kàn Sophie, ẹ̀rù sì bà á pé ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí Gauss. Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀gágun Pernety tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé wọn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dáàbò bo ọkùnrin náà.

Ọ̀gá ọmọ ogun kan dé ilé Gauss, ó ní Sophie Germain ló ní kí wọ́n wá wo àlàáfíà rẹ̀. Ó ya Gauss lẹ́nu, nítorí kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Sophie kọ̀wé sí i, ó sì jẹ́wọ́ pé òun gan-an ni Le Blanc. Èsì Gauss lọ́dún 1807 kún fún ìyàlẹ́nu àti ọ̀wọ̀. Lójú tirẹ̀, ìdènà tó wà níwájú obìnrin tó bá fẹ́ kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí pọ̀ fíìfíì ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà, obìnrin tó bá borí rẹ̀ ní láti ní ìgboyà àti ẹ̀bùn tó ṣọ̀wọ́n.

Iyanrìn tó ń ya àwòrán

Lọ́dún 1808, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Ernst Chladni, dé sí Paris. Òfin ló kọ́ ní yunifásítì, àmọ́ ìró àti orin ló gbà á lọ́kàn. Ó ti kọ ìwé kan jáde lọ́dún 1787 lórí ohun tó ṣàwárí, ó sì ń káàkiri ìlú Yúróòpù láti fi han àwọn èèyàn.

Ohun tó ń ṣe rèé: á mú irin tàbí gíláàsì pẹlẹbẹ, á da iyanrìn díẹ̀ sí i lórí, á wá fi ọ̀pá olókùn, irú èyí tí wọ́n fi ń ta gòjé, fa etí rẹ̀. Irin náà á dún, iyanrìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, iyanrìn náà á tò ara rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, á sì ya àwòrán: ìràwọ̀, àgbélébùú, òbìrìkítí.

Kì í ṣe idán. Tí irin bá ń gbọ̀n, kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n bákan náà. Ibì kan ń lọ sókè sódò, ibì kan sì dúró jẹ́ẹ́. Iyanrìn ń sá kúrò níbi tó ń gbọ̀n, ó ń kóra jọ síbi tó dákẹ́. Bí ohùn irin náà bá yí padà, àwòrán náà á yí padà.

Ẹni tó bá ti lu agogo rí mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá fi ìka kan ara agogo tó ń dún, ohùn rẹ̀ á kú, nítorí pé gbígbọ̀n ni ohùn náà, ìka ló sì dá a dúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1809, Chladni fi iṣẹ́ rẹ̀ han Napoleon, olú ọba ilẹ̀ Faransé. Ó wu Napoleon tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé 6,000 franc kalẹ̀ pé kí wọ́n túmọ̀ ìwé Chladni sí èdè Faransé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde ẹ̀bùn fún ẹni tó bá lè fi ìṣirò ṣàlàyé bí irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, tí ìṣirò rẹ̀ sì bá ohun tí iyanrìn fi hàn mu.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sá. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò okùn tó ń gbọ̀n, torí pé ojú kan ṣoṣo ni okùn ní. Irin pẹlẹbẹ ní òró àti ìbú, ó sì ń tẹ̀ síbí, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Lagrange fúnra rẹ̀ gbà pé ìṣirò tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò ká a.

Ìgbà mẹ́ta ló gbìyànjú

Nígbà tí àkókò pé lọ́dún 1811, ìwé kan ṣoṣo ló wọlé. Sophie Germain ló kọ ọ́.

Èrò tó gbé kalẹ̀ yé ni. Irin tí wọ́n bá tẹ̀ máa ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Bó bá ṣe tẹ̀ tó níbì kan ni agbára tó fi ń fẹ́ padà ṣe máa pọ̀ tó níbẹ̀. Kí èèyàn tó mọ bó ṣe tẹ̀ tó, ó ní láti ṣírò títẹ̀ rẹ̀ lọ́nà méjèèjì pa pọ̀.

Èrò náà dáa, àmọ́ àṣìṣe wà nínú ìṣirò tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka ìṣirò kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé gíga kọ́ dáadáa, tí òun kò rẹ́ni kọ́ ọ. Wọn kò fún un ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n Lagrange, tó wà lára àwọn adájọ́, mú èrò rẹ̀, ó tún ìṣirò náà ṣe, ó sì rí ìdọ́gba tó tọ́ yọ nínú rẹ̀. Ìdọ́gba yẹn ṣì ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì lónìí.

Wọ́n sún ìdíje náà síwájú. Lọ́dún 1813, Sophie tún padà wá, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àyẹ̀wò tó fi hàn pé ìṣirò náà bá iyanrìn Chladni mu níbi púpọ̀. Lagrange ti kú nínú oṣù Kẹrin ọdún náà. Àwọn adájọ́ yìn ín, síbẹ̀ wọ́n ní àlàyé rẹ̀ kò tíì kún tó.

Wọ́n tún sún un síwájú. Lọ́dún 1814, Siméon Denis Poisson tó wà lára ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà ka iṣẹ́ tirẹ̀ síta lórí ọ̀rọ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kò lè díje. Ẹlòmíì ìbá ti jáwọ́. Sophie kò jáwọ́. Ó fi ìwé kẹta ránṣẹ́, òun ló sì gba ẹ̀bùn náà ní oṣù Kìíní ọdún 1816.

Kódà lọ́jọ́ náà, àwọn adájọ́ ò ṣàì sọ pé ó ṣì kù díẹ̀ káàtó. Òótọ́ sì ni. Ó di ọdún 1850 kí Gustav Kirchhoff, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tó yanjú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní etí irin náà. Ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ tí Sophie fi lélẹ̀ ló dúró lé.

Ó gba ẹ̀bùn, wọn ò jẹ́ kó wọlé

Lẹ́yìn ẹ̀bùn náà, kò sí àyè fún un láti jókòó níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ tó fún un ní ẹ̀bùn. Obìnrin tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́, Sophie kì í sì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni.

Ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1821. Ẹ̀yìn ìgbà tí Joseph Fourier di akọ̀wé àgbà ilé náà ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún un láti máa wá sí ìpàdé.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe irin tó ń gbọ̀n nìkan ló ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó tún gbé ìgbésẹ̀ pàtàkì kan lórí ìṣòro ìṣirò tí Pierre de Fermat fi sílẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Adrien-Marie Legendre lo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dárúkọ rẹ̀ nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé. Ó di apá ìparí ọ̀rúndún ogún kí Andrew Wiles, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó yanjú ìṣòro náà tán pátápátá.

Títí di òní, àwọn òǹkà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Sophie Germain. Àwọn ni òǹkà tí kò ṣeé pín dọ́gba, àfi pẹ̀lú ení àti ara rẹ̀, tó sì jẹ́ pé tí èèyàn bá sọ ọ́ di méjì, tó fi ení kún un, èyí tó jáde náà kò ní ṣeé pín. Lára wọn ni 2, 3, 5, 11 àti 23.

Ikú rẹ̀ àti orúkọ tó sọnù

Lọ́dún 1829, wọ́n rí i pé Sophie ní jẹjẹrẹ ọmú. Kò síwọ́ iṣẹ́, ó ṣì gbé ìwé jáde lọ́dún tó kú. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, ọdún 1831 ló jáde láyé ní Paris, lẹ́ni ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta.

Nínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ òkú sí, wọn kò kọ ọ́ pé onímọ̀ ìṣirò ni. Wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin tó ń jẹun lórí owó tí dúkìá rẹ̀ ń mú wọlé ni.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ Eiffel tó parí lọ́dún 1889, wọ́n fín orúkọ èèyàn 72 sí i lára láti fi bu ọlá fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà ilẹ̀ Faransé. Lagrange wà níbẹ̀. Fourier wà níbẹ̀. Legendre àti Poisson náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, orúkọ Sophie Germain kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, ìmọ̀ bí irin ṣe ń tẹ̀ tó sì ń padà wà lára ohun tó ń gbé irú ilé onírin bẹ́ẹ̀ dúró.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe lónìí?

Ohunkóhun tó bá fẹ̀ tó sì fẹ́lẹ́ ló lè gbọ̀n: òrùlé páànù, ilẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, tí gíláàsì fèrèsé ń dún, ti rí i fúnra rẹ̀.

Tí gbígbọ̀n bá pọ̀ jù, ó léwu. Ọjọ́ keje, oṣù Kọkànlá, ọdún 1940 ni afárá Tacoma Narrows wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, nígbà tí afẹ́fẹ́ mú kó máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń kọ́ afárá ńlá kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n mọ́.

Àwọn tó ń ṣe gìtá àti fayolíìnì náà ṣì máa ń da nǹkan lẹ́búlẹ́bú sórí pákó tí wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n lè rí bó ṣe máa dún kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọ̀nà Chladni ni wọ́n ń tọ̀.

Láti ọdún 2003, ilé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé ti ní ẹ̀bùn ọdọọdún fún àwọn onímọ̀ ìṣirò. Ilé yìí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ Sophie Germain fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ẹ̀bùn náà, orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ti Ọ̀gbẹ́ni Le Blanc.